Okùn Wà, Omi Ńkọ́?

Àròjinlẹ̀ fún Ọjọ́ Ìsinmi Kẹta nínú Àkókò Ààwẹ̀ Ogójì Ọjọ́
(Ẹ́ksódù 17:3-7, Róòmù 5:1-2, 5-8, Jòhánù 4:5-42)



Ní ọjọ́ òní, Ìyá wa Ìjọ Mímọ́ mú wa lọ sí ẹ̀bá kànga kan ní ìlú Síkárì, ní ilẹ̀ Samáríà. Ọ̀sán gan-an ni, oòrùn mú, ìrìn àjò ti mú kí ó rẹ Olúwa wa, Ó sì jókòó. Obìnrin kan dé pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀ láti fa omi. Olúwa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún Òun ní omi mu. Kò pẹ́ tí Ó fi yí ọ̀rọ̀ padà, Ó ní Òun gan-an ni Ó ní omi ìyè láti fi fún un. Ẹnu ya obìnrin náà. Ó wo ọwọ́ Jésù, kò rí korobá, kò rí okùn. Ó sì bi Í léèrè bí ẹni tí kò ní ohun ìfami yóò ti ṣe rí omi nínú kànga tí ó jìn tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n wá. Àwa ará Pópó Àgùdà ni ó sì yẹ kí ó tètè yé, nítorí kànga kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ní òpópónà Kakawa ni ilé tí a ń pè ní Casa d'Água wà, èyíinì ni Ilé Omi. João Esan da Rocha ni ó kọ́ ọ, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní kékeré, tí Ọlọ́run sì mú padà bọ̀ wá sí Èkó. Kí omi ẹ̀rọ Ìjù tó dé erékùṣù yìí, kànga ilé náà wà lára ibi tí àwọn aládùúgbò ti ń ra omi. Ẹni tí ó bá sì ti fa omi rí mọ̀ pé okùn nìkan kò tó. Bí okùn rẹ bá gùn láti Campos títí dé Ìdúmọ̀tà, bí kànga bá gbẹ, ẹrẹ̀ ni korobá yóò gbé wá fún ọ.

Ọ̀rọ̀ okùn yìí ni mo fẹ́ kí á fi yẹ ara wa wò lónìí. Láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, a ti rí okùn gbà ju gbogbo àwọn bàbá ńlá wa lọ. Mo ń sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, nípa fóònù ọwọ́ wa, àti nípa íntánẹ́ẹ̀tì tí ó so gbogbo wọn pọ̀. Okùn wà. Omi ńkọ́?

Okùn tí ó gba abẹ́ òkun

Àwọn bàbá ńlá wa tí wọ́n ti Bahia àti Kúbà bọ̀ kò ní okùn kankan ju ọkọ̀ ojú omi lọ. Lẹ́tà a máa pẹ́ kí ó tó la òkun ńlá náà kọjá. Òmíràn kì í sì í dé rárá. Wọn kò ní àlùfáà níhìn-ín. Síbẹ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pàdré Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà, tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí, a máa kó àwọn onígbàgbọ́ jọ fún àdúrà, a máa ṣe ìrìbọmi, a sì máa jókòó ti ẹni tí ó ń kú lọ. Nígbà tí Fada Borghero dé sí Èkó ní ọdún 1863, ìjọ ni ó bá nílẹ̀, kì í ṣe aṣálẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni okùn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ní ọdún 1886, wáyà tẹligíráfù abẹ́ òkun so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ó pẹ́ kí àǹfààní irú rẹ̀ tó kan mẹ̀kúnnù. Ní ìparí ọ̀rúndún tí ó kọjá, gbogbo ìlà tẹlifóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 400,000 lọ, fún orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lé ní 100,000,000. Ní ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká ti GSM dé. Ní ọdún 2002, wáyà abẹ́ òkun tí a ń pè ní SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. MainOne àti Glo-1 tẹ̀ lé e ní ọdún 2010. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, wáyà mìíràn gúnlẹ̀ sí Èkó, èyí tí ilé iṣẹ́ Google sọ ní orúkọ Olaudah Equiano, ọkùnrin tí ó ti jẹ́ ẹrú, tí ó ra òmìnira ara rẹ̀, tí ó sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1789. Ẹ kíyè sí i, ará mi. Òkun kan náà tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kó àwọn bàbá wa gbà kọjá ni ohùn àwọn ọmọ wa ń gbà kọjá nísinsìnyí kí ojú tó ṣẹ́.

Ìrètí tí a ní

Ìrètí tí àwọn ènìyàn gbé lé okùn yìí kò kéré. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé Tim Berners-Lee gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀ ní Switzerland ní ọdún 1989, tí ilé iṣẹ́ tí ó ń bá ṣiṣẹ́ sì fi í ta gbogbo ayé lọ́rẹ láìgba kọ́bọ̀ ní ọdún 1993, ọ̀pọ̀ ènìyàn rere gbàgbọ́ pé ìgbà titun ti dé. Wọ́n ní ìmọ̀ yóò di ti gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní irọ́ kò ní í rí ibi fara pamọ́ sí mọ́, nítorí òtítọ́ yóò máa tètè dé. Wọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó bá mọ ara wọn kò ní í kórìíra ara wọn. Ní Èkó níhìn-ín, a rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń sùn sí sáíbà kàfé mọ́jú, tí wọ́n ń ṣọ́ owó jẹ kí wọ́n lè ra wákàtí méjì péré, nítorí wọ́n gbàgbọ́ pé ilẹ̀kùn ayé ti ṣí.

Ìjọ Mímọ́ pàápàá retí ohun rere. Ní ọdún 2002, Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì ya Ọjọ́ Ìbánisọ̀rọ̀ Àgbáyé sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì rọ àwa onígbàgbọ́ kí á mú Ìhìnrere lọ síbẹ̀ láìbẹ̀rù.

Ìwà àìmoore ni yóò jẹ́ bí a bá ní kò sí èrè kankan. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Owó oògùn ń dé láti òkè òkun kí ilẹ̀ tó ṣú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè ra ìwé ń rí ìwé kà. A dúpẹ́ fún gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gbé ìrètí àti èrè lé orí òṣùwọ̀n, ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́: òṣùwọ̀n náà kò dọ́gba.

Ohun tí a bá nínú korobá

A retí ìmọ̀. Ní ọdún 2006, ìjọba wa ṣe ìlérí láti ra kọ̀ǹpútà kékeré 1,000,000 fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, nínú ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nicholas Negroponte ará Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ìlérí náà kò ṣẹ. Ní ọdún 2013, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀rọ tí wọ́n sọ ní Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀. Orúkọ náà dùn, èrò inú rẹ̀ sì dára; ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ìtara náà rọlẹ̀. Ọpọ́n kì í dá kọ́ ọmọ. Ẹni tí yóò jókòó ti ọmọ náà ni ó ń kọ́ ọ.

A retí ọrọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, nínú àkókò Ádífẹ́ńtì tí ó yẹ kí á máa retí Olúwa, ètò tí a ń pè ní MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, nínú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ gan-an, àwọn tí wọ́n fi owó sí CBEX ni wọ́n tún ń ké. Orí fóònù ni a ti pe ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀rẹ́ àti ẹbí ni ó sì pè wọ́n. Àwọn ọmọ wa kan sì ti sọ ìwé tí a rán wọn lọ kà di ohun tí wọ́n fi ń lu arúgbó ilẹ̀ òkèèrè ní jìbìtì, a sì fún wọn ní orúkọ bí ẹni pé iṣẹ́ ọwọ́ ni: ọmọ Yahoo.

A retí òtítọ́. Níbi yìí ni mo gbọ́dọ̀ ti jẹ́wọ́ tèmi.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, àrùn Ebola bá ọkọ̀ òfurufú wọ Èkó. Ẹ̀rù ba gbogbo ìlú. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, iṣẹ́ kan dé sórí fóònù mi pé kí olúkúlùkù fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àrùn náà má baà mú un. N kò bi ara mi léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Mo fi í ṣọwọ́ sí gbogbo ẹni tí mo fẹ́ràn, inú mi sì dùn pé mo ti ṣe iṣẹ́ àánú. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa, tí ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí tèmi. Ìyá náà gbà mí gbọ́. Ó po iyọ̀, ó mu ún. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ dìde, ó sì dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde nínú oṣù náà pé ó kéré tán ẹni méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀. Nígbà tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ láti tọrọ àforíjì, ìyá kò bínú. Ó kàn wò mí, ó ní:

“Ìwọ ọmọ yìí, ó tó ọdún méjì tí o ti wọ ilé yìí kẹ́yìn. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ọ̀rọ̀ rẹ lórí fóònù. Ká ní o wá fúnra rẹ ni, ò bá rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lórí tábìlì mi, ò bá sì mọ̀ pé iyọ̀ kọ́ ni a ń fún mi.”

Ará mi, n kò rí èsì fọ̀. Okùn wà láàárín èmi àti ìyá náà lójoojúmọ́. N kò sì mọ ohun tí ó wà lórí tábìlì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé ohun tí ó gba Èkó là ní ọdún náà. Ní Obalende, ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn àkọ́kọ́ náà kò gbọdọ̀ jáde ní ilé ìwòsàn, bí a tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn. Ó kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn náà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn ènìyàn 894 kàn tí ó ṣe é ṣe kí àrùn náà ti kàn, wọ́n sì ṣe àbẹ̀wò ojúkojú tí ó tó nǹkan bí 18,500. Ẹni 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, a kéde pé orílẹ̀-èdè wa ti bọ́. Fóònù ran àwọn òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ilé dé ilé ni wọ́n lọ, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì kan ilẹ̀kùn.

Kí ni ó fa á?

Ẹnìkan lè sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ó burú, kí á jù ú nù. Kì í ṣe ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Ẹ wo ẹ̀kọ́ kìíní ti òní. Òùngbẹ gbẹ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní aginjù, wọ́n kùn sí Mósè, Ọlọ́run sì pàṣẹ fún un kí ó fi ọ̀pá rẹ̀ lu àpáta. Omi tú jáde. Ọ̀pá kọ́ ni ó ní omi. Ọlọ́run tí ó dúró lórí àpáta ni Ó ní in. Bí Mósè bá fi ọ̀pá náà sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn, tí Ọlọ́run kò sì sí níbẹ̀, igi lásán ni wọn ì bá máa lù mọ́ òkúta.

Àṣìṣe wa ni pé a ń béèrè omi lọ́wọ́ okùn. Wòlíì Jeremáyà rí irú àṣìṣe yìí ní ìgbà tirẹ̀. Nínú orí kejì ìwé rẹ̀, ó fi hàn pé ibi méjì ni àwọn ènìyàn Ọlọ́run ṣe: wọ́n kọ orísun omi ìyè sílẹ̀, wọ́n sì lọ gbẹ́ kòtò tiwọn tí ó ti sán. A fẹ́ kí ẹ̀rọ bá wa fẹ́ràn ọmọnìkejì wa, kí ó bá wa mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí irọ́, kí ó bá wa bẹ aláìsàn wò. Ẹ̀rọ kò lè ṣe é. Ohun tí ó bá wà nínú ọkàn wa ni okùn ń fà jáde: bí ìfẹ́ bá wà níbẹ̀, ìfẹ́ ni yóò fà, bí ojúkòkòrò bá wà níbẹ̀, ojúkòkòrò ni, a ó sì rí i pé ó yára ju ti àtijọ́ lọ.

Nínú ọdún 2014 yẹn kan náà, Baba Mímọ́ Fransisi kọ̀wé fún Ọjọ́ Ìbánisọ̀rọ̀ Àgbáyé. Ó pe íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run; ṣùgbọ́n ó fi òwe ará Samáríà onínúure kìlọ̀ fún wa pé kí a so pọ̀ lásán kò tó, àfi bí ìsopọ̀ náà bá di ìpàdé. Àlùfáà àti ọmọ Léfì inú òwe náà rí ẹni tí ó fara gbọgbẹ́. Wọ́n ní ìròyìn rẹ̀ pátápátá. Ará Samáríà nìkan ni ó sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn ará wa kan sì wà tí wọ́n ti sọ Misa di ohun tí a ń wò. Láti oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ìjọ wa, a dúpẹ́ pé a rí Misa lórí fóònù títí di oṣù kẹjọ tí ilẹ̀kùn tún ṣí. Ìtura ńlá ni ó jẹ́, ó sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ fún aláìsàn àti arúgbó tí kò lè jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ọjà ní ọjọ́ Sátidé, tí ó sì jókòó sílé ní ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, kí ó rántí pé láti ọdún 2002 ni Ìjọ ti fi yé wa kedere pé kò sí Sakramẹnti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A kì í rí Ara Kristi gbà nínú wáyà. A kì í gba ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ nínú wáyà. Ọlọ́run tí ó lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti ọ̀run fẹ́ láti di ènìyàn, kí Ó sì jókòó ní ẹ̀bá kànga pẹ̀lú òógùn lójú.

Obìnrin náà fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Síkárì. Lẹ́yìn tí obìnrin náà mọ ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sáré wọ inú ìlú. Ó ní ìròyìn láti sọ, òótọ́ sì ni ìròyìn náà, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òun tìkára rẹ̀ ni. Kò fi í ṣe ìyangàn, kò sì dá ìròyìn náà dúró sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó pè wọ́n kí wọ́n wá wò. Wọ́n wá. Wọ́n bẹ Olúwa kí Ó bá wọn gbé, Ó sì lo ọjọ́ méjì. Ní ìkẹyìn wọ́n wí fún obìnrin náà pé kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ni àwọn fi gbàgbọ́, àwọn tìkára wọn ti gbọ́. Èyí ni òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn gbogbo iṣẹ́ tí a bá fẹ́ fi ránṣẹ́: ǹjẹ́ mo mọ̀ pé òótọ́ ni? Ǹjẹ́ yóò mú ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ Kristi, tàbí dé ọ̀dọ̀ ọmọnìkejì rẹ̀?

A ní àpẹẹrẹ kan nítòsí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Baba Mímọ́ Leo Kẹrìnlá kéde Carlo Acutis ní Ẹni Mímọ́, ọmọdékùnrin tí ó kú ní Ítálì ní ọdún 2006 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 15. Ó mọ kọ̀ǹpútà lò dáradára, ó sì fi í kó ìtàn àwọn iṣẹ́ ìyanu Yúkárístì jọ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí Misa, ó sì mọ àwọn tálákà àdúgbò rẹ̀ dáadáa. Ó ní okùn. Ó sì mọ ibi tí omi wà.

Nítorí náà, ará mi, nínú ọ̀sẹ̀ kẹta Ààwẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí á ṣe ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí á má ṣe fi ìròyìn kankan ṣọwọ́ tí a kò mọ orísun rẹ̀, pàápàá èyí tí ó bá kan ìlera, owó, tàbí orúkọ ọmọnìkejì wa. Ẹnu tí ó ba orúkọ ẹni jẹ́ àti ìka tí ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni. Kí á mú un wá sí ibi ìjẹ́wọ́. Èkejì, kí olúkúlùkù wo inú fóònù rẹ̀, kí ó mú orúkọ ẹnìkan tí ó ń kí níbẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò sì tíì fi ojú kàn láti ọjọ́ pípẹ́, kí ó sì lọ sí ilé rẹ̀ kí Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé. Ẹ̀kẹta, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan pa fóònù tì fún ìwọ̀n àkókò tí a fi ń ka Rosárì kan ní alaalẹ́, kí bàbá, ìyá àti ọmọ lè gbọ́ ohùn ara wọn níwájú Ọlọ́run.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin bàjẹ́ ní ìsàlẹ̀ òkun ní ẹ̀bá Abidjan, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ báǹkì Èkó. Okùn a máa já. Pàdré Antonio kò ní wáyà kankan, síbẹ̀ ìgbàgbọ́ kò kú ní Pópó Àgùdà. Kí àwọn tí yóò jókòó sí ipò wa lẹ́yìn ọ̀la má ṣe bá ìjọ tí ó ní okùn gbọọrọ tí òùngbẹ sì ń gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà. Olúwa Jésù, Ìwọ tí o jókòó ní ẹ̀bá kànga láìní okùn lọ́wọ́, fún wa ní omi ìyè. Dárí jì wá fún ọ̀rọ̀ tí a rán láìronú, àti fún ilé tí a kò wọ̀. Kọ́ wa bí a ti ń lo ohun èlò ìgbà wa pẹ̀lú òótọ́ àti ìfẹ́, sì fi ẹsẹ̀ wa lé ọ̀nà ilé ọmọnìkejì wa. Màríà Wúńdíá, ìwọ tí o dìde kánkán lọ sí ilé Èlísábẹ́tì, gbàdúrà fún wa. Àmín.